Ṣé iye àtọ̀ nìkan ni? Iṣẹ́ tó ń lọ nínú kóró ẹpọ̀n

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn ọkùnrin máa ń bi wá tí wọ́n bá wá gba èsì àyẹ̀wò àtọ̀ ní láàbù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣàgámù níbí: "Ṣé ó pọ̀?" Tí a bá ti ní ó pọ̀, inú wọn á dùn, wọ́n á ká bébà náà sápò, ó di ilé, ìyàwó ló kù tó máa máa sáré kiri ọsibítù. Tí a bá ní kò pọ̀, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta àgbo ní gáréèjì. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí wà láàárín méjèèjì yìí, torí iye tí a kà yẹn, apá kan ọ̀rọ̀ ni. Ohun tó ń jẹ́ kí àtọ̀ lè fún obìnrin lóyún wà nínú ẹyọ sípáàmù kọ̀ọ̀kan (àwọn sẹ́ẹ̀lì wẹ́wẹ́ onírù tó ń wẹ̀ nínú àtọ̀) lọ́hùn-ún, àwọn purotéènì kan ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé kóró ẹpọ̀n nìkan ló ń ṣe wọ́n nínú gbogbo ara. Ẹ̀dọ̀ ò ṣe wọ́n, kíndìnrín ò ṣe wọ́n, ọkàn ò ṣe wọ́n.

Kí n tètè là á yé yín, purotéènì tí mò ń wí yìí kì í ṣe ti inú ẹ̀wà àti ẹja o. Tí ẹ bá jẹ ẹyin adìẹ odindi kírétì kan, kò sí èyí tó máa dé kóró ẹpọ̀n bó ṣe wà. Ara á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ ni, kóró ẹpọ̀n á wá fi wẹ́wẹ́ yẹn ṣe tirẹ̀, jíìnì tó wà nínú ara yín, ìyẹn ìlànà tí ẹ jogún lọ́wọ́ òbí, ló sì máa sọ bó ṣe máa ṣe é. Tí jíìnì yẹn bá ti ní àbùkù, oúnjẹ kankan ò lè tún un ṣe.

Mo mọ̀ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń gbóná ní Ìjẹ̀bú. Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́, tí gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú ń wálé fún Ojúde Ọba, tí régbérégbé ń dá aṣọ, àwọn tọkọtaya tó ti ṣègbéyàwó lọ́jọ́ tó pẹ́ tí ọmọ ò tíì dé máa ń wá àwáwí kí wọ́n má baà wálé. Ìbéèrè ni wọ́n ń sá fún, ìyàwó sì ni wọ́n máa ń bi. Kò sẹ́ni tó ń pe ọkọ sẹ́yìn ilé pé bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ti ṣe tẹ́ẹ̀sì? Inú mi máa ń bàjẹ́ sí i gan-an ni. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gbé e jáde lọ́dún 2023 pé nínú àgbàlagbà mẹ́fà, ẹnì kan á bá ìṣòro àìrọ́mọbí pàdé láyé rẹ̀, àwọn dókítà sì ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé nínú bí ìdajì tọkọtaya tí ọmọ ò dé, ìṣòro wà lára ọkùnrin, yálà òun nìkan ni o tàbí òun pẹ̀lú ìyàwó. Ọ̀rọ̀ akúra kọ́ là ń sọ níbí. Ọkùnrin tí nǹkan rẹ̀ ń dìde dáadáa, tí àtọ̀ rẹ̀ ń jáde, tó ki bó ṣe yẹ kó ki, ó lè má ní ẹyọ sípáàmù kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin, bí ẹnì kan ló máa ń rí bẹ́ẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú ibẹ̀ lọ.

Inú kóró ẹpọ̀n kún fún àwọn ọ̀pá tóóró tó lọ́ mọ́ra wọn. Ara ògiri ọ̀pá wọ̀nyẹn ni sípáàmù ti ń bẹ̀rẹ̀, bíi sẹ́ẹ̀lì kékeré róbótó tí kò yàtọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì tó kù. Á pín sí méjì, á tún pín, á wá ṣe ìpín kan tó ṣòro ju gbogbo rẹ̀ lọ, níbi tí krómósómù, àwọn okùn tó gbé jíìnì dání, tó jẹ́ 46 ti máa di 23, kí ti ìyá ọmọ lè wá fi 23 kún un. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa wá yí ìrísí padà pátápátá, á yọ ìrù, orí rẹ̀ á gùn díẹ̀, á da èyí tó pọ̀ jù nínú omi ara rẹ̀ nù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Sertoli dúró tì wọ́n látìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n ń bọ́ wọn, wọ́n ń dáàbò bò wọ́n. Gbogbo èyí máa ń gbà tó bí ọjọ́ 74, sípáàmù á tún wá lo bí ọ̀sẹ̀ méjì nínú ọ̀nà tó lọ́ mọ́ ẹ̀yìn kóró ẹpọ̀n kó tó gbó tán. Ẹ rò ó pọ̀, ó ń lọ sí oṣù mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó ní òun lo oògùn lọ́sẹ̀ tó kọjá, àtọ̀ òun ti wá pọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ohun míì ló ń rí.

Kí ló wá dé tí kóró ẹpọ̀n fi nílò purotéènì tirẹ̀, tí kò lè máa lo èyí tí gbogbo ara ń lo? Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ Human Protein Atlas ní Sweden ti yẹ ẹ̀yà ara wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tí jíìnì tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ wọn ti pọ̀ jù lọ tó ti kóró ẹpọ̀n, wọ́n ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Ìdí rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, àmọ́ èyí tó wù mí jù nínú wọn rèé. Jíìnì kan wà tó ń jẹ́ PGK1, orí krómósómù X ló wà, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bá sẹ́ẹ̀lì rí agbára látinú ṣúgà, gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló nílò rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí sípáàmù bá ń ṣe ìpín tí mo wí yẹn, ara máa ń ti krómósómù X pa, kò ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́ kankan. Kí wá ni sẹ́ẹ̀lì máa jẹ? Jíìnì kejì wà tó jọ ọ́, PGK2, èyí wà lórí krómósómù 6, inú kóró ẹpọ̀n nìkan ló sì ti ń ṣiṣẹ́, òun ló máa gba ipò ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tí mo bá ka irú nǹkan báyìí, ṣe ni mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá.

Ọ̀rọ̀ ìdì DNA, okùn tí jíìnì wà lára rẹ̀, ló tún kàn, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. DNA tó wà nínú sípáàmù kan, tí a bá nà án, á gùn tó mítà kan. Orí sípáàmù tó máa gbé e ò tó ìdá ọgọ́rùn-ún mìlímítà kan. Nínú sẹ́ẹ̀lì yòókù, ara àwọn purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní histone ni DNA ń wé mọ́, ó fẹ̀ díẹ̀, àyè wà. Sípáàmù ò ní irú àyè yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe gààrí Ìjẹ̀bú, ẹ mọ̀ pé tí wọ́n bá ti rin gbágùúdá sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta lé e, á wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí gbogbo omi á fi jáde, tí á fi le gbagidi. Irú ìfúnpọ̀ yẹn ló ń ṣẹlẹ̀ sí DNA. Àwọn purotéènì kan, TNP1 àti TNP2, á kọ́kọ́ wá lé histone kúrò, àwọn méjì míì, protamine 1 àti protamine 2, á wá gba ipò wọn, wọ́n á fún DNA pọ̀ títí kò fi ní sí àyè mọ́. Arginine ló pọ̀ nínú protamine, iná ara arginine sì yàtọ̀ sí ti DNA, ni wọ́n ṣe ń fa ara wọn mọ́ra.

Nínú ọkùnrin tó ń bímọ, protamine 1 àti 2 máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Tí ọ̀kan bá kéré jù, DNA ò ní fún pọ̀ dáadáa, á máa já lójú ọ̀nà, wọ́n sì ti rí i pé ó wọ́pọ̀ lára àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń wá ọmọ. Àwa ní láàbù ò lè fi kíkà mọ èyí rárá. Ẹ tiẹ̀ wò ó, kì í ṣe nǹkan tuntun o, ọmọ Switzerland kan, Friedrich Miescher, ló rí protamine nínú àtọ̀ ẹja salmon tó ń wá láti odò Rhine, ọdún 1874. Títí dòní wọ́n ṣì ń fi protamine ẹja ṣe abẹ́rẹ́ tí àwọn dókítà máa ń fún èèyàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn láti fi dá agbára heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, dúró.

Ọ̀gbẹ́ni kan wá sọ́dọ̀ wa láti ìhà Ọ̀dọ̀gbọlú, èèyàn jẹ́jẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣe gbogbo tẹ́ẹ̀sì tó yẹ kó ṣe, kò sí ohun tí wọ́n rí. WHO sọ nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 2021 pé tí sípáàmù bá ti tó mílíọ̀nù 16 nínú mìlílítà kan, tí 42 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ń mira, kò burú, tiẹ̀ sì ju 16 yẹn lọ dáadáa. Àmọ́ nígbà tí a kùn ún tí a wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù, gbogbo orí wọn ló rí róbótó bíríkítí, kò sí èyí tó gùn bó ṣe yẹ. Mo ní kó padà sọ́dọ̀ dókítà tó rán an wá, pé ó tún ku nǹkan. Ohun tó sọ fún mi ni pé, "Àǹtí, ẹ ṣáà bá mi kọ ọ́ gàdàgbà pé ó pọ̀, kí n lè fi han màámi." Mi ò lè gbàgbé ohùn tó fi sọ ọ́. Mo kọ iye náà torí òótọ́ ni, mo sì kọ ti orí róbótó náà sábẹ́ rẹ̀ torí òun náà, òótọ́ ni.

Orí róbótó yẹn ní ìtumọ̀. Fìlà kékeré kan ló yẹ kó wà lórí sípáàmù, acrosome ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń bá a la ara ẹyin obìnrin kọjá wà. Purotéènì kan, DPY19L2, ló ń so fìlà yẹn mọ́ ara orí nígbà tí sípáàmù ń yí ìrísí padà nínú kóró ẹpọ̀n. Lọ́dún 2011 ni àwọn onímọ̀ rí i pé lára ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí orí sípáàmù wọn rí báyìí, odindi jíìnì DPY19L2 ni kò sí. Jíìnì ò sí, purotéènì ò sí, fìlà á bọ́ sọnù. Sípáàmù á pọ̀ o, á máa wẹ̀, á dé ọ̀dọ̀ ẹyin, kò ní lè wọlé. Kò sí àgbo kankan lábẹ́ ọ̀run tó lè dá jíìnì tí kò sí padà, mo ń sọ ọ́ kí owó yín má baà ṣòfò. Àmọ́ ọ̀nà wà. Láti ọdún 1992 tí àwọn dókítà ní Brussels ti gbé ICSI jáde, a ti lè mú sípáàmù kan ṣoṣo ká fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fi í sínú ẹyin, ọmọ sì ti jáde látara sípáàmù olórí róbótó lọ́nà yẹn, pàápàá tí wọ́n bá tún fi kálísíọ̀mù jí ẹyin náà.

Ìdí tí wọ́n fi ń jí i ni pé purotéènì míì tún wà nínú orí sípáàmù, PLC zeta, wọ́n rí i ní Cardiff lọ́dún 2002, òun ló ń sọ fún ẹyin pé mo ti dé o, bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Tí kò bá sí, ẹyin á kàn jókòó bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tọkọtaya kan wà tí wọ́n ti ná owó ńlá lórí ICSI tí kò sí ẹyin kankan tó pín, wọ́n á ní ilé ọmọ ìyàwó ni, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kó jẹ́ PLC zeta ọkọ ni kò sí.

CatSper náà ńkọ́? Ìrù sípáàmù ló wà, ọdún 2001 ni wọ́n rí i, ihò tóóró tí kálísíọ̀mù ń gbà wọlé ni. Nígbà tí sípáàmù bá ti ń sún mọ́ ẹyin, họ́mọ̀nù obìnrin tí wọ́n ń pè ní progesterone á kàn án, ihò náà á ṣí, kálísíọ̀mù á ya wọlé, ìrù á bẹ̀rẹ̀ sí í jù fìà fìà pẹ̀lú agbára. Ọkùnrin tí CatSper rẹ̀ ò ṣiṣẹ́, iye lè pé, ìrísí lè dáa, ìrìn lè dáa níwájú wa ní láàbù, a máa kọ "ó dáa" sí èsì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ ò ní wá. Irú èyí ló máa ń jẹ́ kí n sọ fún àwọn èèyàn pé èsì tó dáa láti ọ̀dọ̀ wa kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́rùn ọkọ. Tí sípáàmù bá wá dé ara ẹyin tán, purotéènì IZUMO1 tó wà lórí rẹ̀, tí àwọn ará Osaka rí lọ́dún 2005, ló máa di purotéènì JUNO tó wà lára ẹyin mú, ọdún 2014 ni wọ́n tó rí JUNO yẹn ní England. Láìsí ìdìmú yẹn, àwọn méjèèjì ò ní para pọ̀.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ ọ́. Jíìnì kan wà tó ń jẹ́ TEX11, kóró ẹpọ̀n ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń ran krómósómù lọ́wọ́ nígbà tí 46 fẹ́ di 23. Lọ́dún 2015 wọ́n gbé ìwádìí jáde pé lára àwọn ọkùnrin kan tí kò ní sípáàmù rárá, TEX11 yìí ló bàjẹ́, iṣẹ́ á dé àárín á dúró. Orí krómósómù X ló wà. Ọkùnrin kan ò sì gba X lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ rí, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti ń gbà á. Ẹ̀bi ìyá kọ́ o, òun náà ò mọ̀ pé ó wà lára òun, ara rẹ̀ le, ó bímọ. Àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ lé ìyàwó ọmọ yín jáde torí ọmọ, ẹ rántí pé ìyàwó yẹn ò fún ọkọ rẹ̀ ní jíìnì kankan. Ti bàbá náà wà, orí krómósómù Y ni, apá kan tí wọ́n ń pè ní AZF máa ń já sọnù. Tó bá jẹ́ AZFc ló já, àwọn dókítà ṣì lè ṣí kóró ẹpọ̀n kí wọ́n wá sípáàmù níbẹ̀, wọ́n sì máa ń rí i lára ọ̀pọ̀. Tó bá jẹ́ AZFa ló já tán, wọn kì í rí nǹkan kan, torí náà ó dáa kí wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ yẹn kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ. Ẹni tó bá sì fi ICSI bí ọmọkùnrin, ọmọ náà á jogún Y bàbá rẹ̀ bó ṣe wà, ó yẹ kí dókítà ti sọ ìyẹn fún wọn tẹ́lẹ̀.

Nǹkan kan tó ń fún mi nírètí ni ohun tí àwọn ará Toronto gbé jáde lọ́dún 2013. Tí àtọ̀ ò bá ní sípáàmù, ó lè jẹ́ pé ọ̀nà ló dí, ó sì lè jẹ́ pé kóró ẹpọ̀n gan-an ni kò ṣe é. Tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó mọ ìyàtọ̀ dájú, wọ́n máa ń gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Àwọn wọ̀nyí wá purotéènì méjì nínú omi àtọ̀, ECM1 tó ń sọ bóyá ọ̀nà dí, àti TEX101 tó jẹ́ pé kóró ẹpọ̀n nìkan ló ń ṣe é. Tí TEX101 bá wà nínú omi yẹn, ìrètí wà pé sípáàmù ń jẹ́ ṣíṣe nínú lọ́hùn-ún. Ká rí irú tẹ́ẹ̀sì báyìí ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ní ọsibítù ìjọba, ní iye tí awakọ̀ àti àgbẹ̀ lè san, ohun tí mò ń gbàdúrà fún nìyẹn.

Kì í wá ṣe gbogbo purotéènì kóró ẹpọ̀n ló ṣe kókó o. Lọ́dún 2016 àwọn onímọ̀ mú jíìnì 54 tó jẹ́ ti kóró ẹpọ̀n kúrò lára eku, lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn eku náà ṣì ń bímọ. Torí náà tí ẹnikẹ́ni bá gbé oògùn wá tó ní purotéènì àtọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ẹ dá owó yín dúró. Apá kejì tún wà tí mo fẹ́ràn, wọ́n ń fi ìmọ̀ yìí kan náà wá oògùn ìfètòsọ́mọbíbí fún ọkùnrin. Ní 2012 wọ́n fi ohun kan tí wọ́n ń pè ní JQ1 dí BRDT lọ́wọ́, purotéènì kóró ẹpọ̀n ni, eku ò bímọ mọ́, nígbà tí wọ́n dá a dúró ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ èèyàn, àmọ́ ó máa dáa tó bá dé, torí gbogbo ẹrù yẹn orí obìnrin ló wà.

Ohun tí ọkùnrin lè fọwọ́ ara rẹ̀ bàjẹ́ náà wà. Kóró ẹpọ̀n nílò kó tutù ju inú ara lọ ní bíi dígíríì 2 sí 4, torí náà ooru kì í bá a lára mu, ẹ má gbé kọ̀ǹpútà gbígbóná lé itan láti àárọ̀ dalẹ́. Abẹ́rẹ́ testosterone, họ́mọ̀nù ọkùnrin, tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbà níbi tí wọ́n ti ń gbé irin kí àyà wọn lè yọ, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù, ó ń sọ fún ọpọlọ pé họ́mọ̀nù ti tó, ọpọlọ á dáwọ́ dúró, kóró ẹpọ̀n náà á dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Àtọ̀sí tí wọn ò tọ́jú lè dí ọ̀nà. Ṣegede tó bá mú ọmọkùnrin lẹ́yìn tó ti bàlágà lè wọ kóró ẹpọ̀n. Gbogbo wọ̀nyí ló ṣeé dá dúró tàbí kí a tọ́jú rẹ̀, wọn ò dà bí ọ̀rọ̀ jíìnì.

Tí ẹ bá wá fẹ́ wá ṣe àyẹ̀wò, ẹ fi ọjọ́ 2 sí 7 yẹra fún ìyàwó. Ike mímọ́ tí láàbù bá fún yín ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má fi kọ́ńdọ̀ọ̀mù gbà á, òróró ara rẹ̀ ń pa sípáàmù. Ó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wa láàárín wákàtí kan. Mo ti rí ẹni tó gbà á sílé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tó wọ mọ́tò dé Ìjẹ̀bú-Òde, tó tún dúró kí mọ́tò Ṣàgámù kún, nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ wa kò sí bí a ṣe lè mọ èyí tó kú nílé àti èyí tó kú lọ́nà. Tí èyí àkọ́kọ́ ò bá dáa, ẹ má bọkàn jẹ́, wọ́n á ní kẹ́ ẹ tún un ṣe, torí ibà líle lásán lè mú kó lọ sílẹ̀ fún oṣù méjì mẹ́ta. Tí kò bá wá sí sípáàmù rárá, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà nípa tẹ́ẹ̀sì họ́mọ̀nù, ti krómósómù àti ti Y. Ọ̀dọ̀ wa ní láàbù ni kẹ́ ẹ ti wá gba àtọ̀ náà, yàrá wà fún un, kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó máa kanlẹ̀kùn mọ́ yín lórí.